Macrina: obìnrin tó sọ ilé bàbá ẹ̀ di ilé àdúrà

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó o, ẹ sì ṣeun tẹ́ ẹ pè mí. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ò mọ orúkọ ẹ̀ rárá, àwọn àbúrò ẹ̀ la mọ̀. Ẹni tó bá ti ka ìtàn ìjọ díẹ̀ á ti gbọ́ nípa Basil Ńlá tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Kesaríà ti Kapadókíà, á sì ti gbọ́ nípa Gregory ti Nyssa, àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó dúró gbọin lórí ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan nígbà tí ọba gan-an ń ti àwọn alátakò ẹ̀kọ́ náà lẹ́yìn. Macrina lẹ̀gbọ́n wọn. Òun làkọ́bí ìyá wọn, òun ló sì kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, Gregory fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní olùkọ́ òun ni.

Tá a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ẹni mímọ́ ayé àtijọ́ tó fi gbogbo ayé wọn gbàdúrà, aṣálẹ̀ Íjíbítì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, Antony nínú aginjù, àwọn tó fi ìyá fi bàbá sílẹ̀ lọ dá wà. Macrina ò fi ìdílé sílẹ̀. Orí ilẹ̀ tí wọ́n jogún ló wà, pẹ̀lú ìyá ẹ̀, pẹ̀lú àbúrò ẹ̀ tó kéré jù, pẹ̀lú àwọn ẹrúbìnrin tí wọ́n bá nínú ilé, ibẹ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo nǹkan padà díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi sẹ́ni tó lè sọ mọ́ pé ta lọ̀gá ta lẹrú. Èyí gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀, torí pé ó rọrùn láti di ẹni mímọ́ níbi tẹ́nì kankan ò ti mọ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n lójú ìyá ẹni àtàwọn tó tọ́ ẹni dàgbà, iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé náà ṣe rí. Apá ibi tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí ni, ní Pọ́ńtù àti Kapadókíà, ẹ rántí pé àwọn orúkọ méjèèjì wà nínú Ìṣe Àpọ́sítélì orí kejì, lára àwọn tó wà ní Jerúsálẹ́mù lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Ìyá bàbá ẹ̀ náà ń jẹ́ Macrina, ìyá àgbà yẹn àti ọkọ ẹ̀ ti sá wọ inú igbó Pọ́ńtù nígbà inúnibíni, bí ọdún méje ni wọ́n fi wà níbẹ̀ torí wọn ò fẹ́ sẹ́ Jésù. Bàbá ẹ̀ ń jẹ́ Basil (òun la fi orúkọ ẹ̀ sọ Basil Ńlá), ọ̀mọ̀wé tó lórúkọ ni. Ìyá ẹ̀ ń jẹ́ Emmelia. Wọ́n lówó gan-an, ilẹ̀ wọn pọ̀ débi pé gómìnà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sanwó orí fún.

Nǹkan bí ọdún 327 ni wọ́n bí Macrina. Gregory ní nígbà tí ìyá àwọn ń rọbí ẹ̀, oorun gbé e lọ, ó wá lálàá pé òun gbé ọmọ náà dání, ẹnì kan tó dára bí áńgẹ́lì sì pe ọmọ náà ní Thecla lẹ́ẹ̀mẹta. Thecla lẹni tí ìtàn sọ pé ó tẹ̀ lé Pọ́ọ̀lù tó sì kọ̀ láti lọ́kọ. Bó ṣe jí báyìí ló bímọ. Wọ́n sọ ọmọ ní Macrina nígbangba, ṣùgbọ́n nínú ilé Thecla lorúkọ àṣírí ẹ̀, àwa Yorùbá ò sì nílò kẹ́nikẹ́ni ṣàlàyé fún wa bí orúkọ ṣe máa ń ro ọmọ.

Emmelia ló kọ́ ọmọ ẹ̀ níwèé. Nígbà yẹn, eré àti ewì àwọn Gíríìkì, tí ọ̀rọ̀ àwọn òrìṣà wọn àti ìṣekúṣe kún inú ẹ̀, ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ olówó, Emmelia ní rárá. Ìwé Ọgbọ́n Sólómọ́nì ló fi kọ́ ọ, àti Sáàmù. Sáàmù yìí wá di bárakú fọ́mọ náà, tó bá jí, ó ń kọ ọ́, tó bá fẹ́ jẹun, tó bá jẹun tán, tó bá fẹ́ sùn, tó bá dìde lóru láti gbàdúrà, Sáàmù ni ṣáá. Ó sì mọ iṣẹ́ òwú ṣe dáadáa, ọwọ́ ẹ̀ kì í dilẹ̀.

Nígbà tó di ọmọ ọdún méjìlá bàbá ẹ̀ fi fún ọkọ. Ó rẹwà gan-an, àwọn tó ń wá a pọ̀, bàbá ẹ̀ yan ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ilé ire, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n dúró kí ọmọ dàgbà. Àfi bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe kú. Wọ́n wá ń mú ọkọ mìíràn wá, ó kọ̀. Ẹ gbọ́ nǹkan tọ́mọdé yẹn sọ o: ó ní lójú òun, adé orí òun ò kú, ó wà láàyè nínú Ọlọ́run torí ìrètí àjíǹde, ìrìn àjò ló lọ, ó wà ní ìdálẹ̀, ṣé ó wá yẹ kóbìnrin máa fẹ́ ẹlòmíì nígbà tí ọkọ ẹ̀ wà ní ìrìn àjò? Wọn ò rí èsì fún un. Mo máa ń rò ó pé ọmọ náà lè ti fẹ́ wà ní wúńdíá láti ilẹ̀ wá kó sì fi ọ̀rọ̀ yìí bò ó, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wo bó ṣe sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ikú ẹ̀ ẹ máa rí i pé ó gba ọ̀rọ̀ àjíǹde gbọ́ tọkàntara, ọ̀rọ̀ yẹn náà ló ṣì ń sọ.

Ó wá pinnu pé òun ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun. Emmelia máa ń sọ pé àwọn ọmọ yòókù, òun gbé wọn sínú fún ìgbà díẹ̀, òun sì bí wọn, ṣùgbọ́n Macrina, inú òun ló ṣì wà nígbà gbogbo. Ọmọ mẹ́sàn-án ló kù sí i lọ́wọ́, ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin márùn-ún, bàbá wọn sì kú ní àsìkò tí wọ́n bí Peter àbíkẹ́yìn. Ilẹ̀ rẹpẹtẹ, owó orí gómìnà mẹ́ta, àwọn ọmọge tí wọ́n máa gbé fọ́kọ, gbogbo ẹ̀ lórí opó kan. Macrina ló bá a gbé e. Òun ló tọ́ Peter, Gregory ní òun ni bàbá, olùkọ́, ìyá àti olùdámọ̀ràn fún un, Peter yìí náà padà di bíṣọ́ọ̀bù Sebaste.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí díẹ̀ rèé. Gregory sọ pé Macrina máa ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe búrẹ́dì fún ìyá ẹ̀. Tá a bá kà á lónìí a lè sáré kọjá, a máa ní kí ló wà níbẹ̀, ọmọ wo ni kì í se oúnjẹ fún ìyá ẹ̀? Ṣùgbọ́n nílé olówó láyé Róòmù, ẹrú ló ń lọ ọkà, ẹrú ló ń po ìyẹ̀fun, ẹrú ló ń dúró ti ààrò. Ọmọ olówó tó bá ki ọwọ́ bọ ìyẹ̀fun, gbogbo ará ilé ló máa wò ó. Àwọn ẹrúbìnrin tó wà nídìí ààrò rí ọmọ ọ̀gá wọn tó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lójoojúmọ́, kì í ṣe láti pàṣẹ, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Kò wàásù fẹ́nì kankan. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é kó tó ki ìyá ẹ̀ láyà pé kóun náà bọ́ sílẹ̀.

Ìyá náà sì bọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Nígbà táwọn ọmọ tó kù ti nílé ara wọn, Macrina bá a sọ ọ́ títí, ó fi ayé ọlá sílẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n máa sìn ín bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn tó ti jẹ́ ẹrú àti ìránṣẹ́ ẹ̀ ló sọ di arábìnrin àti ẹgbẹ́ ara ẹ̀. Tábìlì kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun, irú ibùsùn kan náà ni wọ́n ń sùn lé, ohun tẹ́nì kan bá ní gbogbo wọn ló ní in. Ẹ fojú inú wo ìyá arúgbó olówó, tí wọ́n ti ń bu omi fún látìgbà tí wọ́n ti bí i, tó wá jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ẹni tó ń bu omi náà, oúnjẹ kan náà, ìjókòó kan náà. Ọ̀pọ̀ ló lè fún ẹrú ní òmìnira, kó kó owó fún un kó ní kó máa lọ, mélòó ló máa bá a jókòó jẹun láti ọjọ́ yẹn títí dọjọ́ ikú?

Gregory yìí kan náà wàásù lórí ìwé Oníwàásù lẹ́yìn náà, ó gbógun ti àṣà kéèyàn máa ra èèyàn, ó béèrè pé èló lèèyàn fẹ́ san láti ra ẹni tá a dá ní àwòrán Ọlọ́run. Kò wọ́pọ̀ kẹ́nì kan sọ irú ẹ̀ láyé yẹn, àní nínú ìjọ, tẹ́ ẹ bá bi mí pé níbo ló ti rí i kọ́, mo máa ní kẹ́ ẹ lọ wo tábìlì ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Èrò tèmi nìyẹn o.

Àbúrò ẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Naucratius, ọmọ ọdún 22 ni nígbà tó fi gbogbo iyì sílẹ̀ tó lọ ń gbé nínú igbó lẹ́bàá odò Iris, òun àti Chrysaphius tó jẹ́ ìránṣẹ́ wọn, wọ́n ń ṣọdẹ láti fi bọ́ àwọn arúgbó aláìsàn tí wọ́n ń tọ́jú. Ọdún karùn-ún ni jàǹbá ṣẹlẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń ṣọdẹ, òkú àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé wálé. Emmelia ṣubú lulẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Macrina, tí àbúrò tó fẹ́ràn jù kú lọ́jọ́ kan náà, ló gbé ìyá ẹ̀ dìde tó sì ń rọ̀ ọ́.

Basil wá ńkọ́? Basil ti lọ kàwé ní Átẹ́nì, nígbà tó máa fi dé ní nǹkan bí ọdún 355, Gregory sọ ọ́ láìfi bò pé orí ẹ̀ ti wú, ìmọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ ti gùn ún, ó ń fojú kéré àwọn èèyàn pàtàkì ìlú. Macrina mú un. Kò pẹ́ tó fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ tó fẹ́ máa fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìgbà tó yá, Basil kọ òfin fáwọn mọ́ńkì, òfin yẹn ni ọ̀pọ̀ mọ́ńkì Ọ́tódọ́ọ̀sì ṣì ń tẹ̀ lé, kódà Benedict tó wá lẹ́yìn nílẹ̀ Ítálì dárúkọ Basil nínú òfin tiẹ̀, tó ní kí wọ́n lọ kà á. Táwọn mọ́ńkì àti sísítà Benedict tó wà ní Dzogbégan ní Tógò bá jí lóru láti kọ Sáàmù, ọ̀nà táwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n yìí là ni wọ́n ń tọ̀.

Ohun kan wá wà tí kì í jẹ́ kí n dákẹ́. Nínú gbogbo lẹ́tà Basil tó wà lọ́wọ́ wa, wọ́n sì lé ní ọ̀ọ́dúnrún, kò sí ibi tó ti dárúkọ Macrina ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó dárúkọ Macrina ìyá àgbà, ó ní òun ló kọ́ òun ní ìgbàgbọ́. Ti ẹ̀gbọ́n, kò sí. Mi ò fẹ́ bu Basil, iṣẹ́ tó ṣe fáwọn aláìsàn àti tálákà ní Kesaríà pọ̀. Ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe ti Gregory tó jókòó kọ ìtàn ayé ẹ̀, bóyá la ò bá mọ̀ pé obìnrin yìí gbé ayé rí. Mélòó nirú wọn nínú àwọn ìyá ìjọ wa, táwọn tí wọ́n tọ́ dàgbà wà lórí pẹpẹ, tẹ́nì kankan ò sì kọ orúkọ tiwọn sílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè kọ̀wé, ẹ máa kọ ọ́.

Nígbà tí Emmelia fẹ́ kú, Macrina àti Peter ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó di ọwọ́ wọn mú lọ́tùn-ún lósì, ó ní Olúwa, ìwọ ni mo fi àkọ́so àti ìdámẹ́wàá mi fún, àkọ́bí rèé, àbíkẹ́yìn rèé. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìyàn ńlá mú ní Kapadókíà ní ọdún 368 sí 369, àwọn èèyàn rọ́ wá sílé wọn. Macrina ń kó àwọn ọmọbìnrin tí ìyàn ti dà sójú ọ̀nà, ó ń tọ́ wọn, lọ́jọ́ tó kú àwọn wọ̀nyí ló sunkún jù, ìyá ni wọ́n ń pè é.

Ọdún 379 ló kú. Basil ti ṣáájú ẹ̀ ní bí oṣù mẹ́sàn-án. Gregory ń bọ̀ láti ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Áńtíókù, ó ti tó bí ọdún mẹ́jọ tó ti rí i kẹ́yìn, torí pé Valens ọba Róòmù àtàwọn èèyàn ẹ̀ lé e kúrò nílùú. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kó dé, ó lá àlá kan náà lẹ́ẹ̀mẹta lóru, pé òun gbé egungun àwọn ajẹ́rìíkú dání, ìmọ́lẹ̀ sì ń kọ mànà látinú ẹ̀ bíi dígí tí oòrùn tàn sí. Ó dé, ó bá a lórí ilẹ̀. Pákó ló sùn lé, wọ́n tẹ́ aṣọ ọ̀fọ̀ sórí ẹ̀, pákó mìíràn ló fi ṣe ìrọ̀rí. Nígbà tó rí àbúrò ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ó gbìyànjú láti dìde kí bíṣọ́ọ̀bù, kò lè ṣe é, ó wá fi ìgbọ̀nwọ́ gbára lé ilẹ̀ láti bọ̀wọ̀ fún un bó ṣe mọ. Gregory sáré gbé orí ẹ̀ sókè.

Wọ́n sọ̀rọ̀ Basil, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú Gregory, Macrina ló ń tu bíṣọ́ọ̀bù nínú, ibà ń jó o, kò sì lè mí dáadáa, ó ń ṣàlàyé ọkàn èèyàn àti àjíǹde bí ẹni tí nǹkan ò ṣe. Gregory kọ odidi ìwé kan lórí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yẹn, nínú ìwé náà Gregory ló ń béèrè, ló ń ṣiyèméjì, Macrina ló ń dáhùn. Ó ní kí Gregory lọ sinmi nínú ọgbà. Nígbà tó padà wọlé tó ń ráhùn nípa wàhálà tójú ẹ̀ ti rí, Macrina bá a wí. Ó ní bàbá àwọn lórúkọ nígbà tiẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ò kọjá agbègbè àwọn, ìwọ ìlú ńlá ń pè ẹ́, ìjọ ń rán ẹ níṣẹ́, o ò wá rí i pé àdúrà àwọn òbí ẹ ló gbé ẹ dé bẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti yí ibùsùn ẹ̀ sí ìlà-oòrùn, kò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́, Ọlọ́run nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n gbé fìtílà wọlé, ó la ojú, ó fẹ́ gba àdúrà ọpẹ́ tí wọ́n máa ń gbà nígbà tí wọ́n bá tanná, ohùn ò jáde, ètè ló ń mì. Ó ṣe àmì àgbélébùú sójú, sẹ́nu, sáyà, ó mí kanlẹ̀, ó lọ.

Wọ́n fẹ́ wọṣọ fún un. Gregory béèrè lọ́wọ́ Lampadia, díákónì obìnrin tó ń bójú tó àwọn wúńdíá náà, pé aṣọ wo ló fi pamọ́ fún ìsìnkú. Lampadia sunkún, ó ní kò sí o, ìborùn ẹ̀ rèé, gèlè tó fi ń borí rèé, bàtà tó ti gbó rèé, ohun tó ní nìyẹn. Ọmọ ilé tó ń sanwó orí fún gómìnà mẹ́ta! Aṣọ tí Gregory mú wá ni wọ́n wọ̀ fún un, wọ́n wá fi aṣọ dúdú ìyá ẹ̀ bò ó lórí. Wọ́n rí irin méjì lọ́rùn ẹ̀, àgbélébùú kan, òrùka kan, Gregory fún Vetiana, opó kan nínú wọn, ní àgbélébùú, ó mú òrùka, wọ́n sì rí i pé ẹ̀là igi àgbélébùú Jésù wà nínú òrùka náà. Vetiana tún fi àpá kékeré kan hàn án láyà òkú. Kókó kan ti yọ lọ́mú Macrina rí, kò fẹ́ kí dókítà tú ara òun wò, ó gbàdúrà mọ́jú, ó fi omijé àti erùpẹ̀ ṣe oògùn, ó wá ní kí ìyá òun ṣe àmì àgbélébùú síbẹ̀. Kókó lọ, àpá kù. (Ẹ̀yin ìyá mi, tẹ́ ẹ bá rí kókó lọ́mú, ẹ lọ rí dókítà o, ẹ má fi ti Macrina ṣe àwáwí.)

Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Ogójì Ajẹ́rìíkú (ogójì ṣọ́jà tí wọ́n pa torí Jésù) tí wọ́n sin ín sí ò jìnnà, kò ju bíi máìlì kan lọ, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba odidi ọjọ́ kan kí wọ́n tó débẹ̀. Sàréè àwọn òbí ẹ̀ ni wọ́n ṣí. Ẹ̀rù ba Gregory, ó rántí Háámù tó wo ìhòòhò Nóà bàbá ẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi aṣọ funfun bo egungun bàbá àti ìyá àwọn kí wọ́n tó ṣí sàréè tán. Wọ́n tẹ́ Macrina sí ẹ̀gbẹ́ ìyá ẹ̀, ohun táwọn méjèèjì ti ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run tipẹ́ nìyẹn.

Bí Gregory ṣe ń padà sílé, ọ̀gá ṣọ́jà kan ní Sebastopolis sọ fún un pé òun àti ìyàwó òun gbé ọmọ àwọn lọ sílé wọn rí, ojú ń dun ọmọ náà, Macrina gbé e lé ẹsẹ̀, ó fẹnu ko ojú ẹ̀, ó ní òun máa fún wọn lóògùn. Wọ́n jẹun, wọ́n bá ti wọn lọ, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti rántí pé àwọn gbàgbé oògùn. Nígbà tí ìyá ọmọ máa fi wo ojú ọmọ, ó ti dá. Gregory ní iṣẹ́ ìyanu mìíràn ṣì wà tóun ò kọ, irú bí ọkà tí wọ́n ń pín nígbà ìyàn tí kò sì dín, torí àwọn tí ìgbàgbọ́ wọn kéré ò ní gbà.

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù keje ni wọ́n máa ń rántí ẹ̀, Kátólíìkì, Ọ́tódọ́ọ̀sì, kódà Ṣọ́ọ̀ṣì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òun àti Gregory sọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣètò ẹgbẹ́ àwọn ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ fọjọ́ yẹn sínú kàlẹ́ńdà yín, kẹ́ ẹ sì ka àdúrà tó gbà kó tó kú fáwọn ọmọ, ó wà nínú ìtàn tí Gregory kọ. Ẹni tó bá níbèèrè, ó yá o, mo ń gbọ́.